Ìgò Tàdáwà Funfun Tí N Kò Rí

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? O ò ní fẹsẹ̀ kọ ní ìgboro yẹn, ẹni tí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ kò ní sùn lọ. Àwa náà wà, eékún nìkan ló ń dùn mí, àbúrò mi obìnrin sì ní ọjọ́ orí ni, bí ẹni pé òun kò ní tirẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń tẹ fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ ti dé. Mo gbé e sórí tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù tí mo kàn fún fọ́tò olóògbé ìyá rẹ. O mọ̀ pé ẹyọ kan péré ló kù, èyí tó ti ń rẹ́rìn-ín yẹn, ó sì ti ń parẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Èjìká ti lọ. Bó bá kan ẹnu, kí ni n óò máa wò?

O ní kí n yan bí ẹ̀rọ yóò ṣe máa mu tàdáwà, bóyá ike kékeré tí wọ́n ń kì bọ inú rẹ̀ tí wọ́n sì ń jù nù, tàbí ìgò ńlá tó ń dúró níta. Mo ronú títí orí fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mi. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Wáyà, bá kó ti ìgò wá kí n wò ó. Ó na rọ́bà tín-ín-rín láti ara ìgò wọ inú ẹ̀rọ. Àbúrò mi wọlé, ó ní ṣé àìsàn ló ń ṣe é tí wọ́n fi ń fa omi sí i lára.

O sọ fún mi pé fọ́tò dúdú àti funfun ni ẹ̀rọ náà ń tẹ̀. Mo wo ìgò wọ̀nyẹn: ọ̀kan dúdú kirikiri, èkejì dà bí eérú, ẹ̀kẹta dà bí eérú tí wọ́n bomi là. Mo ní funfun dà. Ọ̀gá Wáyà ní kò sí funfun. Mo ní àbí ẹni tó tà á fún un ló fi í pamọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, ló bá jáde lọ gba ìpè. Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà, èmi béèrè tán, mo tún ṣìnà. Ọmọ mi, káfíńtà kì í kun àga ní funfun láìní ọ̀dà funfun. Mo mú ọ̀dà mi, mo bomi là á, mo ti ṣí ìdérí, mo fẹ́ máa dà á sínú ìgò ni Ọ̀gá Wáyà wọlé. Bó ṣe fò mọ́ mi, mo rò pé ilé ń jó ni. Ó ní bí ọ̀dà bá wọ inú rọ́bà yẹn, ẹ̀rọ kú nìyẹn, fọ́tò ìyá rẹ náà sì di àlá.

Ó fi fóònù ya fọ́tò náà, ó ní òun ti fi ránṣẹ́ sínú ẹ̀rọ, n kò sì rí ibi tó gbà kọjá. Inú ń bí mi, mo ń retí ìyá rẹ tí kò ní eyín. Ó ń jáde díẹ̀díẹ̀, irun, iwájú orí, imú, ló bá rẹ́rìn-ín sí mi, eyín rẹ̀ funfun kinniwin. Mo fi ìka kan ibẹ̀, pépà lásán ni. Mo bi Ọ̀gá Wáyà pé ta ló fi funfun sí i, ó ní kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan síbẹ̀. Kò tíì yé mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ṣùgbọ́n mo jókòó, mo sunkún.

Nítorí náà, bá mi yan èyí tó bá wù ọ́. Ìgò ni Ọ̀gá Wáyà fara mọ́, ó ní kì í tètè tán. Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kì í ṣe ti tàdáwà o, ti pépà ni, èyí tó dára jù lọ. Inú pépà ni eyín ìyá rẹ wà.

Ìwọ náà yóò rẹ́rìn-ín dọjọ́ alẹ́, àwọn ọmọ rẹ yóò sì rí i wò.

Èmi ni bàbá rẹ.