Ọgbà Àjàrà Ẹ̀gbọ́n Mi Ottilie

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Kastanien,
Stuttgart.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá, 1948.

Reinhold, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé orúnkún rẹ tó máa ń dùn ọ́ nígbà òtútù ti fara rọ? Ṣé ẹ ti rí èédú rà ní Bremen, àbí inú ẹ̀wù òtútù lẹ tún fẹ́ máa sùn bí ti èṣí? Ara tèmi le, mo dúpẹ́. Ọkàn mi ni kò balẹ̀.

O mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Láti ìgbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ní Berlin kò gbọdọ̀ dá nìkan pàṣẹ owó mọ́, pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní báńkì àgbà tirẹ̀, kí gbogbo wọn sì ní olórí kan ní Frankfurt, n kò sinmi. Inú ilé tí bọ́ǹbù ti ṣí lórí la ti bẹ̀rẹ̀, tí a ń fi agboòrùn bo ìwé. Mo fi iṣẹ́ náà yangàn, Reinhold, ìyangàn yẹn ló sì kó bá mi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, wọ́n mú àwa mélòó kan búra pé a kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé owó tuntun ń bọ̀, tí ti àtijọ́ yóò sì di yẹpẹrẹ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi Ottilie wọ ọkọ̀ ojú irin wá. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa dá ro ọgbà àjàrà tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ sójú ogun tí kò bọ̀ mọ́. Ẹnìkan sì fẹ́ rà á.

"Volkmar, gbogbo abúlé ló ní kí n má tà á o," ló wí. "Wọ́n ní owó yìí máa tó di bébà lásán. Ìwọ tó o wà ní báńkì, kí lo rí sí i?"

Ǹ bá ti ní n kò lè sọ̀rọ̀. Obìnrin náà gbọ́n, ì bá ti yé e. Ẹ̀rù sì bà mí pé bí mo bá dákẹ́, àṣírí tú. Ó tún ń bí mi nínú pé ará oko ń bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí a fi òógùn kọ́. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Àwọn tó ń pọn wáìnì ló wá fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ báńkì? Ẹ tà á jàre, ẹ̀gbọ́n mi, kẹ́ ẹ kówó yín sí báńkì."

"Ó kúkú dáa kéèyàn lábùúrò nílé owó," lòun náà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kẹta ló tà á.

Kí oṣù tó parí, owó tuntun dé. Nínú ọgọ́rùn-ún máàkì àtijọ́ kọ̀ọ̀kan tó kó sí báńkì, ohun tó ṣẹ́ kù fún un lónìí kò tó máàkì tuntun méje. Ilẹ̀ ṣì jẹ́ ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Ẹyin lohùn, ọ̀rẹ́ mi.

Ní Sátidé tó kọjá, mo lọ kí i. Inú ọgbà náà ni mo bá a, ó gbé apẹ̀rẹ̀ pọ̀n, ó ń bá ẹni tó rà á já àjàrà gba owó òòjọ́. Aládùúgbò rẹ̀ kan rí mi, ó pariwo: "Ọ̀gá báńkì, ẹ káàbọ̀ o! Ṣé èlé lẹ gbé wá?"

Ottilie sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. "Fàbúrò mi sílẹ̀ o! Ká ní ó mọ̀ ni, ṣé kò ní sọ fún mi? Ọmọ ìyá mi ni! Volkmar, sọ fún un."

Gbogbo àwọn tó ń já àjàrà dúró, wọ́n ń wò mí. Ìtìjú mú mi. Ìbúra náà kò sì de ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo ní, "Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n mi. N kò mọ̀."

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti màmá rẹ̀. Jọ̀wọ́, má ka lẹ́tà yìí sí wọn létí.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ, bí o bá ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀,
Volkmar.