Omi Lábẹ́ Ọ̀rá

Ní orúkọ Ọlọ́hun tó mọ ohun tí a fi pamọ́. Èmi, Jìbírílù Àkànní Adéògún, ọmọ Ìwó, tí mo ń gbé ní Oak Park lẹ́bàá Ṣikágò, ni mo pàṣẹ ìwé yìí. Iṣẹ́ ilẹ̀ ẹpọ́sì ni mo ń ṣe, oje tí a ń dà sórí kọnkéré tó ń gan, tó ń dán. Ẹ̀dọ̀fóró mi ló ń ṣàìsàn, orí mi pé. Ẹni tó bá ní arán ń ṣe mí, kó wá bi mí ní ìbéèrè kí n tó lọ.

Èkíní. Ilé tí mo ń gbé di ti Adédùntán, ọmọ mi kan ṣoṣo. Òun náà ni yóò mú ìwé yìí ṣẹ.

Èkejì. Ilé Ìwó tí kò tíì ní òrùlé di ti Kàfáyàtù, àbúrò mi. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí mi ò lọ sin bàbá wa. Ó jàre. Kó kan òrùlé rẹ̀, kó má dúpẹ́.

Ẹ̀kẹta. Ẹ̀rọ tí a fi ń họ kọnkéré, èyí tó ń fa eruku, àti ọkọ̀ iṣẹ́ mi, di ti Augustine Ọmọ́wálé ní Joliet. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ ọ níṣẹ́. Mo ní ẹpọ́sì kì í lẹ̀ mọ́ òróró, kì í lẹ̀ mọ́ eruku, kì í lẹ̀ mọ́ omi. Họ ilẹ̀, fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ, kí o fi téèpù lẹ ọ̀rá mọ́ ọn di ọjọ́ kejì. Tí omi bá sẹ̀ lábẹ́ ọ̀rá, má da nǹkan kan síbẹ̀. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́.

Ẹ̀kẹrin. Adédùntán, jókòó kí o tó ka èyí. Lọ́dún 1984, èmi àti Augustine ń ṣe ilẹ̀ ibi àlùwàlá àwọn obìnrin, lábẹ́ máṣálásí wa. Ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta. Augustine fi omi tó sẹ̀ lábẹ́ ọ̀rá hàn mí, ó ní kí a dúró. Mo ti ṣèlérí fún Lèmọ́mù. Mo ya ọ̀rá náà dànù, mo da ẹpọ́sì lé e. Kí ọdún tó parí, ilẹ̀ náà wú, ó sì ń ṣí. Ibi tó ṣí ló kọ́ Sìmíátù, ìyá rẹ, lẹ́sẹ̀. Orí rẹ̀ gbá kọnkéré, kò sì jí mọ́.

Àwọn ènìyàn ní Kìrìsìtẹ́nì tí a jẹ́ kó wọ ibi àlùwàlá ló ba iṣẹ́ jẹ́. Mo gbọ́, mo dákẹ́. Lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ, Augustine wá kí wa, ìwọ ọmọ mi lo tì í jáde. Ó wò mí lójú, mo wolẹ̀. Títí di òní kò tú mi fó.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ tí Sìmíátù ń ṣe àlùwàlá nínú ilé ìwẹ̀ wa, kì í sì í parí rẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, ìyàwó tí mo fẹ́ràn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wa ọkọ̀ dé Joliet, tí mo rí Augustine níwájú ilé rẹ̀, tí mo sì yí padà. Mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ, mi ò lè dọ̀bálẹ̀ fún un. Ìgbéraga ni, kò lórúkọ míì.

Ẹ̀karùn-ún. Kí Lèmọ́mù tó kírun sí mi lára, Adédùntán, ka ẹ̀kẹrin sókè sí etí gbogbo ìjọ, kí Augustine sì wà níbẹ̀. Ìta ni kí ẹ ti kírun, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé kó má wọlé. Kí a bi í bóyá ó dárí jì mí. Tó bá ní rárá, ẹ má bẹ̀ ẹ́. Ẹ kírun, ẹ gbé mi lọ.

Mo fọwọ́ sí i: J. À. Adéògún
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá, ọdún 1987
Àwọn tó rí i nígbà tí mo fọwọ́ sí i: Josephine Coleman, lọ́yà, àti Sàláhúdéènì Bámidélé, aládùúgbò