Màámi, Ẹ Bi Mí Nípa Àwọn Àgùntàn

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òtútù yìí. Mo kí Bàbá, mo kí ẹsẹ̀ wọn tó máa ń yọ wọ́n lẹ́nu nígbà ọyẹ́. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Dúpẹ́ àti ọkọ wọn ní Ọ̀mù-Àrán. Mo kí Alfa Sùlé, aládùúgbò wa, tí yóò gbọ́ lẹ́tà yìí láti ìhà kejì ògiri bí wọ́n bá ti ń kà á fún yín.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo ti ń dá yín lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bi mí ti kúrò nínú ilé wa. Ará Arandun kan tó padà sílé láti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ló ròyìn pé ibi tí àwọn òyìnbó ti ń la ẹran láàyè ni mo ń bá wọn ṣiṣẹ́, àti pé èmi ni mo ń di ẹran náà mú. Ẹ ní wọ́n ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ní bó bá jẹ́ òótọ́, kí n máa bọ̀ nílé, pé àwọn míṣọ́nnì ṣì ń wá tíṣà ní Àrán-Ọ̀rin.

Màámi, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, irọ́ sì wà nínú rẹ̀. Àgùntàn ni mò ń tọ́jú, ní ilé kan lẹ́yìn ọsibítù. Àwọn dókítà ibẹ̀ ń wá bí wọ́n ṣe máa fi irin so eegun ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ kó lè jinná láìwọ́. Kí wọ́n tó dán an wò lára ènìyàn, ara àgùntàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń dán an wò. Wọ́n á fún un lóògùn oorun kí ọ̀bẹ tó kàn án, kò sì ní mọ nǹkan kan. Ìgbà tó bá jí ni iṣẹ́ tèmi bẹ̀rẹ̀.

Bí mo bá wọ ọgbà wọn láàárọ̀, tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, tí mò ń da koríko gbígbẹ sílẹ̀ fún wọn, ẹ̀yìnkùlé wa ni mo máa ń rí. Mo máa ń rí yín pẹ̀lú agbọ̀n èèpo iṣu, tí àwọn ewúrẹ́ ń tì yín síwá sẹ́yìn. Mo tún máa ń rántí Alfa Sùlé nígbà Iléyá. Wọn kì í pọ́n ọ̀bẹ níṣojú àgbò. Wọ́n á fún un lómi mu, wọ́n á kó àwọn yòókù lọ sẹ́yìn ògiri, wọ́n á sì lé àwa ọmọdé tó ń pariwo dànù. Wọ́n sọ fún wa pé ẹ̀rù pàápàá, ìrora ni fún ẹran.

Ní ìgbà òtútù tó kọjá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún abo àgùntàn kan tí ojú rẹ̀ dúdú. Àbẹ̀ní ni mo sọ ọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó dúró sí kọ̀rọ̀, ó dorí kodò, ó ń wa eyín pọ̀, kò fẹnu kan oúnjẹ. Dókítà àgbà wa, obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun, ti kọ́ gbogbo wa pé bí àgùntàn ṣe máa ń jẹ̀rora nìyẹn, pé kì í ké. Ṣùgbọ́n àìsàn dá ìyá náà dúró sílé lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà ló wà níbẹ̀. Mo ní kó fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora. Ó ní abẹ́rẹ́ náà lè ba ohun tí òun fẹ́ mọ̀ nípa eegun náà jẹ́. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ mi.

Màámi, iṣẹ́ yìí ló jẹ́ kí wọ́n gbà mí láyè láti máa gbé ìlú yìí. Ẹ̀rù bà mí. Síbẹ̀ mo sọ fún un pé, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo fẹ́ lọ tẹ dókítà àgbà láago.” Ó ní tí mo bá tẹ̀ ẹ́ láago, òun á ní kí wọ́n lé mi. Mo lọ tẹ̀ ẹ́. Ìyá náà gbọ́ mi títí, ó wá ní kí n pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà sí tẹlifóònù. N kò gbọ́ ohun tó sọ fún un. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló fa oògùn náà tó sì gún un. Kò pẹ́ tí Àbẹ̀ní fi dùbúlẹ̀, tó sùn. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó jẹ koríko lọ́wọ́ mi.

Ìbá wù mí kí n sọ pé ó yè. Egbò náà kẹ̀, eegun náà kò so. Dókítà àgbà wá wò ó, ó ní kò sí ohun tí wọ́n lè rí kọ́ mọ́ tó tó ìyà tó ń jẹ, pé kí wọ́n jẹ́ kó sùn lọ pátápátá. Èmi ni mo gbé orí rẹ̀ lé itan. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kúnlẹ̀ tì mí, ó gbọ́wọ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Ó wá sọ fún mi pé, “Ó yẹ kí n ti fún un kí o tó bẹ̀ mí.” Láti ìgbà náà, kò sí àgùntàn tó ń jí lọ́dọ̀ wa láìjẹ́ pé oògùn ìrora ti wà lára rẹ̀.

Mo sunkún dé ilé lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tí mo lè ròyìn fún ní yàrá mi. Mo rántí ìgbà tí Bàbá já bọ́ lórí igi igbá, tí wọ́n ń to eegun ẹsẹ̀ wọn nínú yàrá, tí ẹ̀yin ń kọrin sí wọn létí, tí mo di etí mi níta. Àwọn ènìyàn kan ti ń fi irú irin náà rìn níbí báyìí. Bóyá ìyẹn tó láti fi dípò ẹ̀mí àwọn àgùntàn náà, n kò mọ̀, Màámi. Mo ṣì ń rò ó.

Òótọ́ ni pé ẹran ń kú lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n n kò ní padà wá báyìí. Bí mo bá kúrò, wọn kò ní dá iṣẹ́ náà dúró. Ẹni tó máa jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá jí ni kò ní sí. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀ síbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí mi. N kò ní bínú.

A gbọ́ pé wọ́n ti fún wa ní ìpínlẹ̀ tiwa, tí wọ́n pè ní Kwara. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó tù wá lára. Kí Ó dá ẹ̀yin àti Bàbá sí, kí ọyẹ́ ọdún yìí rọra bá ẹsẹ̀ wọn lò. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín tó ń ṣàárò yín,
Oyèládùn.