Ohùn Yín Tó Wà Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti ọmọ tuntun tí a ò tíì fojú rí. Ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá ti fúyẹ́, wọ́n ti padà sídìí iṣẹ́ káfíńtà wọn. Màmá ní kí ẹ máa jẹun dáadáa.

Ẹgbẹ́ olórin bíláàkì mẹ́tàlì, orin igbe àti ojú kíkùn funfun yẹn, tí ẹ dá sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá ṣì wà. Láti ọdún méjì tí ẹ ti lọ, a ò gba akọrin míì. Kásẹ́ẹ̀tì tí a gba igbe yín sí la máa ń tẹ̀, Wẹ́dà á máa lu ìlù, Télọ̀ á máa ta gìtá tẹ̀lé e. Èmi ni mo ń yí kásẹ́ẹ̀tì.

Ní Sátidé, rédíò jẹ kásẹ́ẹ̀tì náà láàárín orin. Mo ti mọ orin ọ̀hún sórí, ni mo bá lanu, mo ké e parí láti inú ikùn, bí ẹ ṣe máa ń ṣe.

Wẹ́dà ju ọ̀pá ìlù sílẹ̀: "Yéè! Ta ló tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀?"

Màmá sáré wọlé. "Ìwọ tí mo máa ń bẹ̀ pé kó o gbóhùn sókè kí àlejò!"

Wẹ́dà àti Télọ̀ ti ní kí n wá ké dípò yín níbi eré wa ní gbọ̀ngàn ìlú níparí oṣù. Àyè yín ni, Ẹ̀gbọ́n mi; mi ò ní dúró síbẹ̀ láìgbọ́ lẹ́nu yín. Tí ẹ bá ní rárá, ẹ mọ̀ pé mo mọ bí a ṣe ń dákẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ gbogbo yín lọ́hùn-ún. Ẹ tètè fèsì o, mo ti ra àtíkè funfun tí màá fi kun ojú.

Èmi àbúrò yín.