Ìjókòó Mi Tí O Yọ Nínú Mọ́tò Pupa

Ọdún mẹ́rin pé lónìí tí o ti lọ, ọkọ mi, àwọn ọmọ sì ní kí n rọra sọ ọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ dídùn ni wọ́n ń sọ fún olóògbé nírú ọjọ́ báyìí, kí n sọ pé kí o máa sinmi, kí n sọ pé àárò rẹ ń sọ wá. Àárò rẹ ń sọ mí. Mo ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rẹ yẹn ni, bí mi ò bá sì bá ọ sọ ọ́, ta ni kí n bá sọ?

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò eré! Àgbà ọkùnrin tí wọ́n ń kóra jọ ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, tí wọ́n ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo ọbẹ̀ tó fẹ́ jóná!

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé fún ọ, kí o má baà ní ìjà nìkan ni mo gbé wá. Òkè ilé tí o fi sílẹ̀ láìlórùlé ti parí, a ti kùn ún. Ọmọbìnrin wa ti bímọ, ọkùnrin ni, iwájú orí ọmọ náà gbòòrò bíi tìrẹ, ó sì máa ń lanu sùn bíi tìrẹ. Ilé búrẹ́dì wa kò kú. Ojú ti àwọn tó ní kò ní pẹ́ kú! Ọmọkùnrin wa ló ń po ìyẹ̀fun báyìí. Ó ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ bí o ti máa ń ṣe, ìyẹ̀fun á bo ìpéǹpéjú rẹ̀, bí mo bá sì yọjú sí i lójijì, àyà mi á já. Ìwọ ni mo máa ń rí.

Ó dára. Ó wá ku ẹjọ́ mi.

Ọjọ́ mẹ́fà ni ààrò ní ọ láàárín ọ̀sẹ̀. Mi ò bá ààrò jà, òun ló ń bọ́ wa. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kó jẹ́ tèmi, ẹgbẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí o ra mọ́tò pupa yẹn, inú mi dùn. Kí ẹnikẹ́ni má purọ́ mọ́ mi. Ilẹ̀kùn méjì, ìjókòó méjì, tìrẹ àti tèmi. O ní àwọn ọmọ ti dàgbà, ó ku èmi àti ìwọ. O gbé mi jáde lọ́jọ́ náà, atẹ́gùn gba ìborí mi lórí, o dúró, o padà sẹ́yìn, o wá a nínú koríko ẹ̀bá ọ̀nà títí o fi rí i. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Mo ní ayé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Àṣé ọjọ́ náà ni ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Alága wọn wá ra búrẹ́dì, tó rí mọ́tò níta. Alága! Ọkùnrin tó ń ta páànù ìkọ́lé, tó ń wọ ìbọ̀wọ́ awọ tí kò lórí ìka nínú oòrùn ọ̀sán, bí ẹni tó fẹ́ gbẹ̀bí ewúrẹ́. Ó ní irú rẹ ni àwọn ń wá. O bá a lọ. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìjì. Ìjì! Ìwọ tí o máa ń wá bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ!

Akọ̀wé wọn ńkọ́? Òun ló ń fi ìtẹ́dìí ọmọ ọwọ́ nu mọ́tò, ó ní aṣọ náà rọ̀, kò ní ha ọ̀dà. Ìyàwó rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé nínú gbogbo ọmọ tí àwọn bí, kò fi ìtẹ́dìí kan nu ìdí ọmọ kankan rí. Ẹni tí ń kọ ìwé ẹgbẹ́ nìyẹn.

Búrẹ́dì rẹ ni wọ́n ń jẹ níbi ìpàdé, búrẹ́dì gbígbóná, lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ gbọn ìyẹ̀fun ara rẹ dànù kí o tó sún mọ́ mọ́tò wọn. O sọ ọ́ fún mi bí àwàdà. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ẹnu tó ń jẹ ohun tí ìyẹ̀fun bí, tó tún ń sá fún ìyẹ̀fun!

Mo bi ọ́ nígbà kan pé kí gan-an lẹ ń ṣe níbẹ̀. O ní ẹ máa ń wakọ̀ dé òpin títì tuntun, ẹ ó sì wakọ̀ padà. Kí lẹ lọ mú? Kò sí. Ta lẹ lọ kí? Kò sẹ́ni kankan. Ẹ lọ, ẹ bọ̀. Aláàárù gan-an tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹrù wà lórí rẹ̀.

Mo fara mọ́ ìyẹn náà. Ọ̀rọ̀ ìjókòó ni kò tán nínú mi.

Wọ́n fẹ́ ṣe ìdíje. Alága wo mọ́tò rẹ yíká, ó ní ó wúwo, ó ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ ló ń fà ọ́ sẹ́yìn. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ! Ta ló ń jókòó síbẹ̀? Kó kúkú là á mọ́lẹ̀ pé ìyàwó rẹ ló ń fà ọ́ sẹ́yìn! Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni. Mo wà lójú fèrèsé, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi, mò ń lọ aṣọ tí a fẹ́ wọ̀ lọ kí ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ kejì. Mo rí ọ tí o mú sípánà, tí o tú ìjókòó mi, tí o gbé e gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Mo bi ọ́ pé níbo ni kí èmi jókòó sí. O ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ìgbà díẹ̀! Ìgbà díẹ̀ tí mo fi hu ewú! Ìdíje yẹn náà, ipò karùn-ún lo gbà. Ẹ mélòó lẹ sáré? Ẹ̀yin márùn-ún.

Láti ọjọ́ náà, mi ò wọ mọ́tò náà mọ́. Ọkọ̀ èrò ni mo ń wọ̀ lọ kí ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò bi ọ́ mọ́, o ò sì sọ nǹkan kan. Mo gbà pé o ti ju ìjókòó mi sórí ààtàn. Bí o bá sì ti ibẹ̀ dé, ojú rẹ á máa dán, wàá máa fi ẹnu dún bí ẹ́ńjìnnì títí dé ìdí oúnjẹ. Inú rẹ ń dùn níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Ìyẹn gan-an ló ń ká mi lára.

Nígbà tí o ṣubú níwájú ààrò, tí a gbé ọ lọ sílé ìwòsàn, Akọ̀wé wá. Mo ní ó káre, ó rántí ẹni. Kò tíì jókòó tó fi bi mí pé ta ló ń tan mọ́tò Ìjì, torí bí wọn ò bá tàn án, bátìrì á kú. Bátìrì! Ọkọ mi ń wá èémí lórí ibùsùn, bátìrì ni kò gbọdọ̀ kú! Mo ní kó máa lọ. Ó lọ.

Ọjọ́ tí a sin ọ́, wọ́n wá. Wọ́n tò gbọọrọ sẹ́yìn ọkọ̀ tó gbé ọ, gbogbo mọ́tò wọn ń dán bí abọ́ tuntun. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin fọwọ́ tọ́ mi, ó ní kí n wo bí wọ́n ṣe yẹ́ ọ sí. Àfi bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú. Bọ́ǹpù kan wà níbẹ̀, bọ́ǹpù lásán tí kẹ̀kẹ́ ọmọdé ń gùn kọjá. Mọ́tò wọn ti sún mọ́lẹ̀ jù, kò lè gùn ún. Alága bọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ mọ́tò, ó wo bọ́ǹpù, ó mi orí. Mo rò pé wọ́n á fi mọ́tò sílẹ̀, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn bá wa wọlé. Ibojì rẹ kò jìnnà, a ń rí erùpẹ̀ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Rárá o! Wọ́n padà sínú mọ́tò, wọ́n tẹ họ́ọ̀nù, wọ́n mú kí ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, èéfín bò wá, ẹni tó ń gbàdúrà bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Wọ́n ṣẹ́rí padà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ.

Alága sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìkíni ìkẹyìn nìyẹn. Ìkíni! Irú ẹgbẹ́ wo nìyẹn, tí bọ́ǹpù lásán lè tú ká?

Wọn ò tún yọjú mọ́, àfi lọ́dún yìí. Alága àti Akọ̀wé wọlé sí ilé búrẹ́dì, wọ́n ní àyè rẹ ṣì ṣófo, kí ọmọ wa wá gba ipò bàbá rẹ̀. Àṣà kan ṣoṣo ni àwọn ní: wọn kì í yí mọ́tò olóògbé padà. Bí Ìjì ṣe wà á gẹ́lẹ́ ni kí ọmọ rẹ̀ máa wà á. Ìyẹn ni pé ìjókòó kan.

Ojú ọmọ rẹ tàn. Géńdé tó ń pàṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìdí ààrò, ó di ọmọdé lójú mi. Mo mọ ohun tó ń wá. Ìwọ ló ń wá, ó rò pé òun á rí ọ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí ọmọ wa fẹ́ fi ṣe aya wà lẹ́yìn káńtà, ó ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìjókòó kan yẹn, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo wo ojú rẹ̀. Ara mi ni mo rí lójú fèrèsé, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí, ọkọ mi. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mi ò pariwo. Mo ní kí ọmọ rẹ lọ wá ìjókòó mi wá ná. Bó bá rí i, kó dá a padà sáyè rẹ̀. Bí kò bá rí i, kó darapọ̀ mọ́ wọn, ẹnu mi á pa mọ́.

Ó túlé, ó tú ọgbà. Yàrá ẹrù tó wà lókè ibi tí a ń kó ìyẹ̀fun sí ló ti rí i, lẹ́yìn àwọn páànù búrẹ́dì àtijọ́. Àpò ìyẹ̀fun fífọ̀ lo fi wé e, ìpele lórí ìpele, o fi okùn dì í bí ẹni pọn ọmọ. Àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ wà nínú ọ̀rá kékeré tí o so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, gbogbo wọn pé. O fi gíríìsì pa wọ́n. Ọmọ rẹ wò ó dáadáa, ó ní gíríìsì tuntun wà lórí àtijọ́, pé ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí o ti gòkè lọ pa á.

Ẹni tó bá fẹ́ ju nǹkan nù kì í fi gíríìsì pa nọ́ọ̀tì rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní yàrá ẹrù yẹn, mo sunkún tí mi ò sun lọ́jọ́ ìsìnkú. Àṣé òótọ́ ni! Àṣé ìgbà díẹ̀ ni lóòótọ́! Kí ló wá dé tí o ò dá a padà, kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Mo mọ̀ ọ́n. Ojú Alága ni. O ń bẹ̀rù kí onípáànù kan má fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé o gbé ìyàwó dání. Ọkùnrin tí kò bẹ̀rù iná ààrò!

Sọ́ńdè ni ìrántí rẹ bọ́ sí lọ́dún yìí. Ní àárọ̀ yìí, ọmọ wa gbé mọ́tò pupa wá sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ fún mi. Mo so ìborí mi ní ìdè méjì. Háà, mọ́tò yẹn mà lọ sílẹ̀ o! Bí ẹni jókòó lórí àpótí ìfọṣọ ni. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ariwo ń di mí létí, ìdí mi mọ gbogbo òkúta àdúgbò. Mo sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ kékeré.

Ó kọ́kọ́ yà sí pápá tí wọ́n ti ń pàdé. Alága yí mọ́tò po, ó ń fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ pa á lára, títí ó fi rí mi. Ó ní Ìyá, ẹ kú àárọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sílẹ̀ kí àwọn wo inú rẹ̀. Mo ní mi ò bọ́. Ó ní ìjókòó yìí kò sí níbẹ̀ láyé Ìjì, pé mọ́tò Ìjì kọ́ nìyí mọ́. Ọmọ wa kò bá a jiyàn. Ó yọ báàjì ẹgbẹ́ níwájú mọ́tò, ó gbé e lé ìbọ̀wọ́ náà lórí, ó ní ẹ ṣeun sà, ìyá mi ń lọ kí bàbá mi. Akọ̀wé ń fi ìtẹ́dìí nu mọ́tò tirẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá ó yẹ kéèyàn darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ onímọ́tò eré, ìdáhùn mi kò gùn. Kó ra mọ́tò tó wù ú, kó gbé ẹni tó fẹ́ràn sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n máa lọ. Kí ló fẹ́ fi Alága ṣe?

Bọ́ǹpù yẹn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà itẹ́ òkú. Mọ́tò rẹ náà kò lè gùn ún. Ọmọ wa pa ẹ́ńjìnnì, ó sáré wá fà mí dìde, torí èmi nìkan kò lè jáde nínú ihò yẹn. Mo gbẹ́sẹ̀ kan lé bọ́ǹpù náà, mo gbé èkejì kọjá. Ó tán! Ohun tó ṣòro fún odidi ẹgbẹ́! Mo rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ, mo gbọn ewé kúrò lórí òkúta rẹ, mo sì sọ fún ọ pé mo ti rí àwọn nọ́ọ̀tì náà.

Ọdún mẹ́rin, oníbúrẹ́dì mi, àárò rẹ kò dín. Inú mi kò dùn sí ọ, mo sì fẹ́ràn rẹ, méjèèjì ni. Ìjókòó mi ti padà sáyè rẹ̀. Ì bá dára bó bá jẹ́ ìwọ lo gbé mi dé ibí.