Ọwọ́ Tí Ọ̀rẹ́ Mi Gbé Wálẹ̀

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi. Kò sí ẹni tí mi ò lè pa lẹ́rìn-ín láyé yìí. Òkúta gan-an ń di ikùn mú tó bá rí mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì wá bá wa sọ̀rọ̀ nílé ìwé. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn lẹ́nu iṣẹ́ pa ara ẹ̀. Àwọn rí i pé ọkàn ẹ̀ wúwo, àwọn ò bi í. Ohùn wọn ń gbọ̀n, ni mo bá pariwo láti ẹ̀yìn: "Ọ̀gá, ṣé wọ́n gba kóńdó yín ni?" Ẹ̀rín sọ.

Bàbá ní, "Rárá, ọmọ mi. Ọ̀rẹ́ mi ni mo pàdánù."

Ojú tì mí. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń jókòó ti nawọ́ láti bi bàbá ní nǹkan. Bí ẹ̀rín ṣe sọ, ó rọra gbé ọwọ́ ẹ̀ wálẹ̀. Látìgbà yẹn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Mo fẹ́ lọ bá a nílé lẹ́yìn ètò yín. Báwo ni kí n ṣe bi í ohun tó ń ṣe é?

Irọ́ ni mo pa níbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan wà tí mi ò lè pa lẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ mi ló ń jókòó sí.