Ẹfinrin Lórí Tábìlì Ìyàwó

Pira, lẹ́bàá Bantè

Déborah ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Kútọnu, mo sì kí Jérémie àfẹ́sọ́nà rẹ. Ọlọ́run tó jẹ́ kí o rí ọkọ yóò jẹ́ kí ẹ jọ dàgbà. A wà láàyè níbí. Iṣu ta dáadáa, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń jò, ojú bàbá rẹ kò sì tíì là. Lẹ́tà ni mo kọ, nítorí fóònù kì í jẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀ tán kó tó kú.

Mo rí àwòrán òdòdó inú dígí tí o fi ránṣẹ́, èyí tí ẹ fẹ́ máa gbé sáàárín tábìlì níbi àsè ìgbéyàwó yín ní Bantè. Nínú fóònù, kò ju àtàǹpàkò mi lọ, mo sì ń dúpẹ́ pé kò ní wọ́n. Àfi bí Toheeb, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta epo létí títì, ṣe fi ìka méjì fà á, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Mo gbá a lọ́wọ́, mo ní kó má fà á mọ́, kí owó rẹ̀ má baà gun òkè. Ó rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n èmi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀, tábìlì méjìlá lẹ fẹ́ tẹ́. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Mo bá dán tiwa wò nínú àgbàlá. Mo bu yẹ̀pẹ̀ sínú ahá, mo ki òdòdó igbó bọ̀ ọ́, mo to ọsàn yí i ká, mo tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀, mo sì tan àbẹ́là méjì bó ṣe wà nínú àwòrán rẹ. Mo ní kí n lọ pọn omi. Kí n tó dé, ìyá Emmanuella àti àwọn ará ìjọ mẹ́fà ti bọ́ bàtà, wọ́n ti kúnlẹ̀ yí tábìlì ká, wọ́n ń fi omijé gbàdúrà fún ojú bàbá rẹ. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ pé àsè ni mo ń dán wò. Èmi náà kúnlẹ̀. Nítorí náà, ẹ má tan àbẹ́là lọ́jọ́ náà o, àwọn ará ìjọ wa kò ní jẹun.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, bàbá rẹ sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó ní òun kò ní wá síbi ìgbéyàwó yín. O mọ̀ pé baba ni yóò dìde lójú gbogbo ènìyàn, tí yóò gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí, kó súre fún un kó tó fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Ó ní ọwọ́ òun yóò máa tá ràrà, yóò gbá dígí yín fọ́, ojú yóò sì tì ọ́ níwájú àwọn àna. Ó ní kí Abel àbúrò òun ṣe é. Mi ò sunkún níwájú rẹ̀, ìdí ìkòkò omi ni mo lọ sunkún sí.

Jọ̀ọ́, má ra dígí. Ọsàn àti òdòdó igbó ni kó wà lórí tábìlì mọ́kànlá. Ẹfinrin tí bàbá rẹ gbìn sẹ́yìn ilé kí ojú rẹ̀ tó lọ ni ká kó sí tìrẹ nìkan. Lánàá, mo gbé ahá ẹfinrin sábẹ́ igi máńgòrò, mo rún ewé rẹ̀, mi ò sì sọ ibi tó wà. Bàbá rẹ dúró, ó gbóòórùn, ó sì rìn lọ bá a tààrà. Ó fọwọ́ pa á lára. Láàárọ̀ yìí ló ní kí n bá òun fọ sùtánà òun, aṣọ funfun ìjọ tí òun yóò wọ̀ wá.

Fi owó ọṣẹ àti owó mọ́tò wa ránṣẹ́. Má fi sínú fóònù, àwòrán ti kún inú rẹ̀, mi ò mọ ibi tí owó yóò jókòó sí. Fi rán ẹni tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ẹfinrin lè mú un dé tábìlì, kò lè mú ọwọ́ rẹ̀ dé orí rẹ. Tó bá dìde, má jẹ́ kó wá ọ. Kúnlẹ̀, di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ìwọ fúnra rẹ gbé e lé orí ara rẹ.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọwọ́ náà pẹ́ níbẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ève